Kí O Tó Ra Ẹ̀rọ Àwo Àkọ́kọ́ Rẹ, Lọ Wo Àpótí Àwo Bàbá Rẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń kọ́ni níléèwé kan náà na fóònù rẹ̀ sí mi ní yàrá àwọn tíṣà. Àwòrán ẹ̀rọ mẹ́rin tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin ló wà lójú rẹ̀, tòun ti iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà nínú wọn?” Mi ò tíì wo àwòrán náà dáadáa tí mo fi bi í pé, “Àwo wo lo ní nílé?” Ó ní méjì péré ni, bàbá àgbà òun ló fún òun, wọ́n ṣì wà nínú páálí. Mo tún bi í pé, “Kí lẹ fi ń tan iná nílé yín?” Ibẹ̀ ló ti wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ yẹ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀.

N kò yẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè méjì yẹn ni ẹnì kankan kò bi mí nígbà tí mo ń ra tèmi, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n bi ara mi. Ẹ̀rọ méjì ni mo kọ́kọ́ náwó lé lórí kí n tó ní ẹ̀kẹta tó wà nílé mi báyìí. Mo fẹ́ ròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá àwo kiri, n kò sì fẹ́ kí owó wọn gba ibi tí tèmi gbà.

Télọ̀ ni bàbá mi, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Orin kì í dá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó kú ní 2017, nǹkan méjì ni mo bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi: sísọ́ọ̀sì ńlá tó fi ń gé aṣọ, àti àwọn àwo rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá mi du èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Rédíógíráàmù rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀. Àpótí onígi kan ni, tó dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Rédíò wà lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ àwo wà lápá òsì lábẹ́ ìdérí. Ẹ̀rọ yẹn ni àwọn àgbà ń pè ní ṣénjà, nítorí pé ó ń pààrọ̀ àwo fúnra rẹ̀. Wọ́n á to àwo bíi mẹ́fà sórí irin tó nà ró láàárín rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọrin tán, òmíràn á já bọ́ lé e lórí. Títí dòní, ẹ̀rọ àwo yòówù kí ìyá mi rí, ṣénjà ni wọ́n ń pè é. Ìkán ló jẹ ẹsẹ̀ àpótí náà. Nígbà tí a ṣí i, rọ́bà inú rẹ̀ ti gan bí òkúta, gírísì rẹ̀ sì ti dì bí ọ̀dà.

Mo kó àwọn àwo náà wá sí Ìbàdàn, mo sì kà wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan. 143 ni wọ́n. 96 jẹ́ àwo ńlá, tí ìbú wọn jẹ́ ínńṣì 12; 31 jẹ́ kékeré, ínńṣì 7; 16 tó kù nípọn, wọ́n wúwo, wọ́n sì ń dún bí àwo ìjẹun bí mo bá fi èékánná kàn wọ́n. Mo kàn pín wọn sí ńlá àti kékeré ni. Mi ò fiyè sí òǹkà tó wà lójú wọn: 33⅓, 45, 78. Iye ìgbà tí àwo gbọ́dọ̀ yí po ní ìṣẹ́jú kan ni òǹkà yẹn ń sọ, òun ló sì yẹ kí n fi pín wọn.

Àwọn 16 yẹn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí jù. Wọn kì í ṣe ike bíi ti àwọn yòókù. Shellac ni wọ́n, oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n wá pò mọ́ òkúta lílọ̀. Bó bá já lulẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo oníke 33⅓ jáde l'Amẹ́ríkà, RCA Victor sì gbé 45 jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún 1948 yẹn kan náà ni Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tiwa, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpàlà sínú àwo, 78 sì ni àwo tó wà lóde níbí nígbà náà. Ó pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí 78 tó kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá jogún àwo lọ́wọ́ ẹni tó ti ń ra orin láti bíi 1950, kó yáa tú àpótí náà wò dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń tà báyìí ni kò lè yí ní 78 rárá.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo rà, bí báàgì ìrìnàjò kékeré ló rí. Mo rí i lórí ayélujára ní 2018. Awọ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi bò ó, ó ní ìmú lórí, ó sì ní sípíkà méjì níwájú. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹwà rẹ̀ sì wọ̀ mí lójú.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. A gbé ọ̀kan nínú àwọn àwo ńlá lé e. Bí ohùn ṣe kọ́kọ́ jáde, wọ́n dìde dúró, wọ́n di ọwọ́ àga mú. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí orin yẹn ti dún gbẹ̀yìn nínú ilé wa. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìgbà tí àwọn onílù wá wọlé tagbáratagbára, abẹ́rẹ́ fò. Ó padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó tún fò.

Mo rántí pé bàbá mi máa ń fi kọ́bọ̀ kan lé orí apá ṣénjà rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ bá ń fò. Èmi náà fi owó ẹyọ lé e. Kò fò mọ́, mo sì rò pé mo ti yanjú ọ̀rọ̀.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí àwo tí à ń gbọ́ jù bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo inú agbada, pàápàá níbi tí akọrin bá ti gbé ohùn sókè. Mo fọ̀ ọ́, kò yí padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta wúrà ní Gbági. Ó ní òṣùwọ̀n kékeré kan tó fi ń wọn òrùka àti yẹtí. Mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ abẹ́rẹ́ náà. Láìka owó ẹyọ mọ́ ọn, ìwọ̀n rẹ̀ ju gíráàmù 6 lọ. Orí abẹ́rẹ́ tó dára lóde òní, ìwọ̀n bíi gíráàmù 2 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Ìlọ́po mẹ́ta ẹrù tó yẹ ni mo ti ń wọ́ kọjá lórí ohùn àwọn àgbà wọ̀nyẹn, mo sì tún fi owó lé e.

Nígbà tí mo wá wo ẹ̀rọ náà tinútinú, mo rí ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń fò. Inú àpótí fífúyẹ́ kan náà ni sípíkà àti abẹ́rẹ́ jọ wà. Bí ìlù bá dún nínú sípíkà, àpótí á gbọ̀n. Bí àpótí bá gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á kúrò lójú ọ̀nà. Kò sí irin ìdọ́gba lẹ́yìn apá rẹ̀ tí ènìyàn lè yí láti dín ìwọ̀n kù. Àwọn kan ń lo irú rẹ̀, inú wọn sì dùn sí i, n kò ní ká gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí o bá fẹ́ fi tọ́ àwo tí o rà lọ́jà wò, kí o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àwo tó lè jẹ́ pé òun nìkan ló kù ní àdúgbò rẹ, má gbé e sábẹ́ abẹ́rẹ́ tí o kò lè wọ̀n, tí o kò sì lè yí ìwọ̀n rẹ̀. Ìlà tí abẹ́rẹ́ bá ti họ kò ní oògùn. Àwo yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ó ṣì ń hó, ó sì ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Houston. Nígbà tí mo ròyìn fún wọn, wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé àwọn lọ́wọ́. Wọ́n rí ẹ̀rọ àtijọ́ kan rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kúrò nílé, wọ́n fi sínú ẹrù ọ̀rẹ́ wọn tó ń bọ̀ wálé lójú omi. Oṣù mẹ́ta ló gbà. Nígbà tí mo tú u, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà pé tèmi ni. Igi gidi ni ara rẹ̀, ìtẹ́ tí àwo ń jókòó lé jẹ́ irin tó wúwo, apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní irin ìdọ́gba lẹ́yìn, orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ṣeé tú. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò ní ló ní. Mo ra tíráńsífọ́mà tó ń sọ 220 di 110, nítorí ta ni kò mọ̀ pé iná Amẹ́ríkà kò rí bí tiwa?

Mo so ó mọ́ ampílífáyà ilé wa, mo gbé àwo lé e. Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ó kéré, ó sì rí ṣákálá, kò sí ìdí ìlù kankan níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí n tó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àìsàn ẹ̀rọ. Iná tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde kéré jọjọ, ìdá ẹgbẹ̀rún fólútì mélòó kan péré. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ orin sínú àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ìlà má baà gbòòrò jù, wọ́n á sì gbé ohùn òkè ga. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín abẹ́rẹ́ àti ampílífáyà tó máa gbé ohùn náà sókè, kó sì dá ìsàlẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Phono preamp ni wọ́n ń pè é. Nínú àwọn rédíógíráàmù àtijọ́, ohun gbogbo tí orin nílò ti wà papọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa kò fi ní láti mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ lónìí ní láti béèrè: ṣé ó wà nínú ẹ̀rọ yìí, àbí kí n rà á lọ́tọ̀?

Mo ra kékeré kan. Ohùn kún. Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ wàhálà kejì, tó ju ti àkọ́kọ́ lọ: orin náà ń fà. Akọrin tí ohùn rẹ̀ gún régé wá ń kọrin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Bẹ́líìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ìtẹ́ àwo, ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo ra bẹ́líìtì tuntun, ó ṣì ń fà.

Bàbá kan wà ní Mọ́kọ́lá tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí rédíò ṣì ń lo fáàfù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn. Bàbá fetí sí i fún bí ìṣẹ́jú kan, wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní, “Ta ló ń kọrin yìí?” Mo dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹni yẹn kì í sùn lórí ìlù báyìí.”

Wọ́n gé bébà pélébé kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ìtẹ́ àwo, wọ́n ní kí n mú aago lọ́wọ́. Bébà náà ń yí, wọ́n ń kà á. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, 83 ni wọ́n kà. Wọ́n ní, “Ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó jẹ́.” Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́kàn: 33⅓ lọ́nà mẹ́ta, 100 gẹ́lẹ́ ni. Tíṣà ìṣirò ni mí, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí láti kà á.

Wọ́n dojú ẹ̀rọ náà dé, wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi: 120V, 60Hz. “Ṣé o rí i, ọmọ mi? Iná ọ̀hún ń lù ní ìgbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tiwa, àádọ́ta ni. Ẹ́ńjìnnì yìí kò mọ ìyára kan lọ́tọ̀, bí iná bá ṣe ń lù ló ṣe ń yí. Tíráńsífọ́mà tí o rà, fólítéèjì ló ń dín kù. Kò lè sọ àádọ́ta di ọgọ́ta.”

Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ẹ̀rọ tó ti la òkun kọjá. Ojú kan àwo jùjú tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 18 yóò gba bíi ìṣẹ́jú 21 àti àbọ̀ lórí rẹ̀. Bàbá ní ọ̀nà kan wà: àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré méjì tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, èyí tó tóbi díẹ̀ fún ìlú oní-50, èyí tó kéré fún ìlú oní-60. A wá èyí tó tóbi náà títí, a kò rí i. Wọ́n ní a lè rán ẹni tó ń gbẹ́ irin níṣẹ́ pé kó bá wa gbẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí kò bá yípo gún, ohùn á máa mì. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu.

Jẹnẹrétọ̀ ló wá fi ojú ọ̀rọ̀ hàn mí pátápátá. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ náà lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná ọba, bó ti ń fà náà. Bí fíríìjì bá ti gbéra, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa á mí kanlẹ̀, orin á rì, á tún gòkè. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ àwo rò dáadáa. Bí ẹ̀rọ bá ń lọ́ra ṣùgbọ́n tó dúró lójú kan, gbogbo ohùn á jọ wálẹ̀ ni. Òkè á ṣì ga ju àárín lọ, àárín á ṣì ga ju ìsàlẹ̀ lọ, etí wa á ṣì mọ ohun tí gángan ń wí, àfi pé á dà bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyára bá ń rì tó ń gòkè, ìró tí onílù fi sókè á bọ́ sí àárín kó tó parí ọ̀rọ̀. Ìró nìkan ni ìlù ní lọ́wọ́ láti fi sọ̀rọ̀. Bí o bá yí ìró rẹ̀, o ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: igbá á di igba, ọkọ́ á di ọkọ. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń gbọ́ onílù kan tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ, mi ò sì mọ ohun tó ń sọ. Mo pa á.

Láti ìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń béèrè nípa ẹ̀rọ àwo ni bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń mọ ìyára tó yẹ kó sá. Oríṣi kan ń gba ìyára lọ́wọ́ iná tó wọlé, bíi ti èmi. Oríṣi kejì ń lo iná DC láti inú ádápítọ̀ kékeré bíi ti fóònù, inú rẹ̀ ló sì ti ń ṣàkóso ìyára fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò ní bẹ́líìtì, abẹ́ àwo gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà, òkúta quartz ló sì máa ń mú ìyára ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró, bíi Technics SL-1200 MK2 tó jáde ní 1979, tí àwọn DJ kárí ayé fi ṣiṣẹ́ jẹun. Oríṣi méjì tó kẹ́yìn yìí ni ti ilé tí iná ọba, ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárín ọjọ́ kan. Kódà bó bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá, bí fólítéèjì bá ti bá a mu, kò ní fà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ bá ọ ra tòkunbọ̀ lókè òkun, ní kó kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó sanwó. Lọ́jà níbí, mú bébà pélébé àti aago dání. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, 100. Ẹni tó ń tà á tí kò bá jẹ́ kí o kà á, bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀.

Ní 2021 ni mo ra ẹ̀kẹta, AT-LP120XUSB ti ilé-iṣẹ́ Audio-Technica ilẹ̀ Japan. Kì í ṣe òun nìkan ló dára, àpótí bàbá mi ló yàn án. Ó ń yí ní 33⅓, 45 àti 78. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ àwo, ádápítọ̀ ló ń fún un níná. Ìwọ̀n abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé yí. Gíráàmù 2 ni orí abẹ́rẹ́ tó bá a wá ń fẹ́. Phono preamp wà nínú rẹ̀, bọ́tìnnì kan ló ń pa á bí ènìyàn bá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tún ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ní báyìí, mo ti da ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo náà kọ síbẹ̀, ẹ̀dà yẹn là ń gbọ́ lójoojúmọ́ kí àwo gidi lè sinmi.

Síbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àwọn 16 yẹn jẹ́. Mo yí bọ́tìnnì sí 78, mo gbé ọ̀kan lé e, ariwo nìkan ni mo gbọ́, bí òjò lórí páànù. Ìlà inú àwo 78 fẹ̀ ju ti àwo oníke lọ fíìfíì. Abẹ́rẹ́ àwo oníke kéré sí i, ìsàlẹ̀ ìlà níbi tí erùpẹ̀ àti pàǹtí kóra jọ sí ló ń wọ́ lọ, kò kan ògiri méjèèjì tí orin wà. Abẹ́rẹ́ 78 fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé irú orí abẹ́rẹ́ tó wà lára ẹ̀rọ yìí, VM95, ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún 78, tí ó ṣeé fà yọ kí a sì ki òmíràn bọ̀ ọ́ láìlo irinṣẹ́ kankan. Mo rà á lọ́tọ̀, mo sì tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe bí ìwé tó bá a wá ti sọ. Bọ́tìnnì 78 lásán kò tó, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ní 78, ẹ fi owó abẹ́rẹ́ kejì kún ohun tí ẹ ń ṣètò.

Ohun tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ kan ẹ̀rọ. Mo ti mọ̀ pé ẹlòmíràn ń fi spírítì díẹ̀ fọ àwo. Mo tẹ òwú bọ̀ ọ́, mo nu ojú ọ̀kan nínú àwọn 78. Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bá òwú jáde, mo sì rò pé ìdọ̀tí ni. Àwo náà gan-an ló ń yọ́. Spírítì ń yọ́ shellac bí omi ṣe ń yọ́ ṣúgà. Ìlà bíi mẹ́wàá ti lọ kí n tó ká ọwọ́ kúrò. Omi mímọ́ àti aṣọ rírọ̀ ni mo fi ń nu wọ́n báyìí, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa.

Ìyókù kò le. Orí tábìlì tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ lé, kí sípíkà má bá a jókòó pọ̀. Kí àwo dúró lóòró, kí ó má sùn lé ara wọn, kí oòrùn má kàn án. Àwo tí mo gbàgbé sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ká kò bí ewé gbígbẹ. Ìdérí ẹ̀rọ kì í kúrò lórí rẹ̀ nílé mi nígbà ọyẹ́, nítorí eruku ọyẹ́ ń lẹ̀ mọ́ àwo bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ẹ má sì ná gbogbo owó sórí ẹ̀rọ, kí ẹ wá máa fi sípíkà olówó pọ́ọ́kú gbọ́ ọ. Kí owó abẹ́rẹ́ ìpààrọ̀ náà wà nílẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ ń jẹ: bó bá ti lo ẹgbẹ̀rún wákàtí tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó ti tó pààrọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà wá bá mi ní Mọ́ńdè. Ó ti yọ àwo méjèèjì nínú páálí. 33⅓ ni wọ́n, oníke, ojú wọn ṣì mọ́. Ínfátà ni wọ́n fi ń tan iná nílé wọn lálẹ́. Kò ní 78, kò sì rò pé òun máa ní. Mo ní kó yọ méjì kúrò nínú mẹ́rin tó wà lórí fóònù rẹ̀, nítorí bíi ti báàgì mi àkọ́kọ́ ni wọ́n rí. Nínú méjì tó kù, AT-LP60X wà níbẹ̀. Mo ní kó mú un. Kò lè yí ní 78, ìwọ̀n abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ṣeé yí, ó sì wúwo ju tèmi lọ, bíi gíráàmù 3. Ṣùgbọ́n ó ń lo ádápítọ̀, preamp wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, bí orin bá sì parí, apá rẹ̀ ń gbéra padà fúnra rẹ̀. Ó béèrè bóyá kò ní yẹ kí òun kúkú ra irú tèmi. Mo sọ fún un pé owó tó máa fi kún un, kó fi ra sípíkà, kó sì mú ìyókù lọ sí Jazzhole, ilé ìtajà ìwé àti orin ní Ìkòyí, nígbà tó bá dé Èkó, kó wo àwo tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ní àwo méjì, àwo ló kù tó ń wá.

Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ 78 dé, ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti ki abẹ́rẹ́ náà bọ orí rẹ̀, mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti ka ìyípo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: 78. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn 16 jáde, mo gbé e lé e. Ariwo díẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àgídìgbo wọlé, ìlù tẹ̀ lé e. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Wọ́n dáwọ́ dúró. Nígbà tí ìlù sọ gbólóhùn kan, wọ́n sọ ọ́ tẹ̀ lé e lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ojú kan 78 kì í sábà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó tán.

Wọ́n ní, “Yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá rẹ fẹ́ràn jù.”